Ta Ló San Owó Iṣu Náà? Ìtàn Gbàǹjo, Ẹnu Kan àti Àpò Ọ̀pọ̀ Ènìyàn

Àwa méje la jọ ra iṣu kan ṣoṣo ní ₦70,000. Ẹni tó bá mọ iye tí wọ́n ń ta iṣu lọ́jà á ti máa rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ kò jẹ̀bi. Àwa náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, kó tó di pé àárọ̀ ọjọ́ kejì mọ́.

Ní sáà tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn akẹgbẹ́ wa ṣubú lórí ọ̀kadà, egungun itan rẹ̀ sì dá. Owó iṣẹ́ abẹ ju agbára àwọn òbí rẹ̀ lọ. Ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣètò ìkówójọ lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan: kí oníkálukú mú ohun tó bá ní wá, kí a tà á ní gbàǹjo, kí owó rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn kan mú àkùkọ wá, àwọn kan mú ẹyin, àwọn kan mú ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nígbà tó kan iṣu, ẹni tó ń darí gbàǹjo gbé e sókè bí ẹni gbé ọmọ ìkókó lọ́jọ́ ìkómọ. Onígángan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A pe ₦5,000. Àwọn ará ẹ̀ka ìmọ̀ Ìtàn pe ₦8,000. A pe ₦10,000. Gángan bẹ̀rẹ̀ sí í kì wá ní ọmọ Oòduà, ó ń bi wá bóyá a ó máa wò kí àwọn tó ń fi èdè Òyìnbó ka ìtàn baba wa gba iṣu mọ́ wa lọ́wọ́. Kí a tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọ̀kan nínú wa ti nawọ́ sókè, ó ti ké ₦70,000. Gbọ̀ngàn hó yèè. Òòlù dún lẹ́ẹ̀mẹta. Iṣu di tiwa.

Gbogbo owó tó wà nínú àpò ẹgbẹ́ wa jẹ́ ₦73,500. Oṣù mẹ́rin la fi dá a jọ, ₦10,500 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí a lè fi tẹ àpilẹ̀kọ àṣekágbá wa, kí a sì fi dì í. A san owó iṣu lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, nítorí pé ojú ń tì wá láti jẹ gbèsè lórí ẹsẹ̀ tó dá. A wá fi iṣu náà dín dùndú. Ó dùn. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wa kò sọ̀rọ̀ títí a fi jẹun tán. Nígbà tí a bi í, ó ní inú kò bí òun, ẹni tó wà ní ilé ìwòsàn ọ̀rẹ́ òun ni. Ohun kan ṣoṣo ló ń dun òun: kò sí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ òun. Owó fùfú tí ìyá rẹ̀ ń tà ló fi san ₦10,500 tirẹ̀.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Àmọ́ àwa tí a ń kọ́ èdè àti àṣà kò lè kábàámọ̀ lásán kí a má wá ìdí ọ̀rọ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé. Ohun tí a rí ni pé ọ̀rọ̀ wa ti pẹ́ láyé, àti pé nínú púpọ̀ nínú ìtàn gbàǹjo tó kọjá agbára, ẹni tó nawọ́ kọ́ ló ń san gbogbo owó náà. Ẹni tí kò nawọ́ máa ń wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan, ojú méjì

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá gba ibi tí wọ́n ti ń ta òkìrìkà kọjá á gbọ́ igbe "Gbàǹjo! Gbàǹjo!" Ohun tí igbe yẹn ń sọ ni pé ọjà ti wálẹ̀, ẹ wá rà á lọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìkórè, níbi tí wọ́n ti ń ṣe bàsá, gbàǹjo kan náà ni wọ́n ń pè é nígbà tí ẹyin mẹ́fà bá di owó àpò ìrẹsì. Lọ́jà, ẹni tó ń polówó ló ń fa owó wálẹ̀ kí ọjà lè tètè tán. Ní ìkórè, ẹni tó ń rà ló ń ti owó sókè kí ó lè ga ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ.

Ojú kejì yìí ni àwọn ará Róòmù àtijọ́ mọ̀ jù. Auctio ni wọ́n ń pè é, láti ara ọ̀rọ̀ ìṣe tó túmọ̀ sí kí nǹkan máa pọ̀ sí i. Wọn a ri ọ̀kọ̀ mọ́lẹ̀ níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe gbàǹjo. Àwọn náà ló sì fún wa ní àpẹẹrẹ ẹni tó ra ọjà tó ju ti gbogbo ayé lọ.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 193, àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba pa Olú-ọba Pertinax ní Róòmù. Lẹ́yìn náà, wọ́n ta ipò rẹ̀ ní gbàǹjo. Sulpicianus, bàbá ìyàwó olóògbé náà, wà nínú àgọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́, ó ń pe owó. Didius Julianus wà lóde ògiri, òun náà ń pe tirẹ̀. Sulpicianus dé orí 20,000 sestertius fún ẹ̀ṣọ́ kọ̀ọ̀kan. Julianus fò sókè sí 25,000, ó ń ké, ó sì ń fi ìka rẹ̀ ṣàpèjúwe iye rẹ̀. Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un.

Òǹkọ̀wé ìtàn kan láyé ìgbà náà, Herodian, sọ pé ibi oúnjẹ ni Julianus wà nígbà tí ìròyìn gbàǹjo náà kàn án, àti pé ìyàwó rẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin àti àwọn tó ń bá a jẹun ló ń tì í lẹ́yìn pé kó sáré lọ. Ó tún sọ pé owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó bí àwọn ènìyàn ṣe rò, àpò ìjọba náà sì ti gbẹ. Julianus kò lo ju ọjọ́ 66 lọ lórí oyè. Septimius Severus, ọmọ bíbí Leptis Magna ní ilẹ̀ Líbíà, kó ogun wọ ìtòsí Róòmù, wọ́n sì pa Julianus láàfin. Gángan kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí a kà pé àwọn tó jọ ń jẹun ló tì í lẹ́yìn, a wo ara wa lójú.

Ilé tó bọ́ lọ́wọ́ ẹbí

Julianus pàdánù ẹ̀mí ara rẹ̀. Nílùú Èkó, ilé àwọn ẹlòmíràn ni ọ̀rọ̀ ẹnu kan máa ń gbé lọ.

Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú ní ọdún 1861, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í di ohun tí a lè fi ìwé dì mú. Àwọn oníṣòwò Òyìnbó ń fún àwọn oníṣòwò wa ní ọjà àwìn láti fi ra epo pupa àti èkùrọ́ wá, ìwé ilẹ̀ àti ilé sì di ohun ìdúró. Kristin Mann, nínú ìwé tó kọ lórí Èkó láàárín ọdún 1760 sí 1900, ṣàlàyé bí ètò àwìn yìí ṣe ń yọrí sí kí ilé onígbèsè bọ́ sí gbàǹjo nígbà tí owó ọjà bá já wálẹ̀. Gbàǹjo àkókò yìí kò ní ìlù. Ẹkún ló wà níbẹ̀. Ibi tó sì ti ń le jù ni pé kì í ṣe gbogbo ilé tí wọ́n fi dúró ló jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ jẹ́ ilé ẹbí. Ọ̀kan nínú ẹbí á fọwọ́ síwèé, ìyá àgbà àti àwọn ọmọ ìyá á sì bára wọn níta.

Ọ̀rọ̀ yìí, pé ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ ná ohun tó jẹ́ ti gbogbo wa, ti wà nínú òfin ilẹ̀ wa kí Òyìnbó tó dé. Ó sì dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ kan ní Àpápá, Amodu Tijani, Olóyè Olúwa ti Èkó, pe ẹjọ́. Herbert Macaulay bá a lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1920. Ní ọdún 1921, ìgbìmọ̀ Privy Council dá a láre. Wọ́n gbà pé ilẹ̀ jẹ́ ti àwùjọ, ti abúlé tàbí ti ẹbí, àti pé olóyè wulẹ̀ ń bójú tó o fún àwọn tó ni ín ni. Gbogbo wa la ti gbọ́ orúkọ ẹjọ́ yìí rí. A kò ronú pé ó kan àpò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méje.

Bí a ṣe ń dáwó kí òòlù tó dé

Ọdún 1921 kan náà ni ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ jáde, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ó ti parí rẹ̀ láti ọdún 1897. Nínú ìwé náà ó ṣàlàyé èsúsú: iye kan tí gbogbo ẹgbẹ́ fẹnu kò sí, ọjọ́ kan tí wọ́n ń san án, ibi kan tí wọ́n ń san án sí, àti kíkó gbogbo rẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan bó bá ṣe kàn án. N. A. Fadipe náà kọ nípa èsúsú, àáró àti ọ̀wẹ̀ nínú iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ti ọdún 1939, èyí tó wá di ìwé ní ọdún 1970.

Ẹ wo ohun tó pa gbogbo wọn pọ̀. Nínú èsúsú, owó tí olówó ń san kò ju ti tálákà lọ bí wọ́n bá jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan. Nínú àáró, ọjọ́ tí o bá fi ro oko mi ni èmi náà yóò fi ro tìrẹ. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹni tó bẹ̀ wá á wá oúnjẹ àti ẹmu, a ó sì bá a mọlé. Ìwọ̀n wà nínú rẹ̀. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Bí ọdún iṣu tuntun bá dé, a máa ń gbé iṣu lọ síwájú òrìṣà kí ẹnikẹ́ni tó fi ẹnu kàn án, kò sì sí ẹni tó ń pe iye lé e lórí.

A kò ní purọ́ pé àwọn baba wa kò mọ àṣejù. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Ẹni tí onílù bá kì dáadáa á da owó ẹyọ sílẹ̀ fún un. Karin Barber, tó ṣe ìwádìí oríkì ní Òkukù, fi hàn bí oríkì ṣe jẹ́ ara ohun tó ń sọ ènìyàn di ẹni ńlá lójú àwùjọ. Ẹni tí wọ́n ń kì kò lè dúró lásán, ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun tó ohun tí wọ́n pe òun. Àmọ́ bí owó bá tán lọ́wọ́ rẹ̀, òun ni yóò wọ ìwọ̀fà, òun sì ni ológò yóò wá jókòó tì nílé. Ìyẹn ló ń mú ẹni tó lóye ṣọ́ ẹnu rẹ̀.

Òòlù pàdé ìlù

Ní ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àti Henry Townsend ti CMS gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, 1843, ní abúlé Morwenstow ní Cornwall, àlùfáà kan tó ń jẹ́ Robert Stephen Hawker pe àwọn ará ìjọ rẹ̀ wá dúpẹ́ ìkórè nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ka ìdúpẹ́ ìkórè òde òní sí. Ìyẹn ni pé àṣà ìkórè tí a rò pé ó ti wà nínú Ìjọ láti ayébáyé kò ju ìgbà tí Ìjọ dé ilẹ̀ wa lọ.

Ní England láàárín àkókò kan náà, ọjà tí wọ́n ń ṣe nítorí ìrànlọ́wọ́, tí wọ́n fi orúkọ ọjà àwọn ará Páṣíà pè ní bazaar, ti di ohun àmúyangàn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1845, àwọn tó ń bá òfin tó mú oúnjẹ wọ́n jà pàtẹ irú ọjà bẹ́ẹ̀ sínú ilé eré Covent Garden ní Lọ́ńdọ̀nù. Nǹkan bíi £25,000 ni wọ́n rí kó jọ. Ẹni tó wá rà níbẹ̀ mọ̀ pé ohun tí òun ń san owó lé lórí ju ìbọ̀wọ́ àti ìrọ̀rí lọ.

Nílẹ̀ wa, ìdí tí ìjọ fi nílò owó ní iyì. Henry Venn, akọ̀wé CMS láti ọdún 1841 sí 1872, ń sọ pé kí ìjọ tó wà nílẹ̀ òkèèrè máa bọ́ ara rẹ̀, kó máa ṣàkóso ara rẹ̀, kó sì máa tan ìhìnrere fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa mú ọ̀rọ̀ náà ju bí àwọn Òyìnbó ṣe rò lọ. Ìjọ Native Baptist yà kúrò ní ọdún 1888. Ní ọdún 1901, lẹ́yìn tí wọ́n gbé James Johnson kúrò ní St. Paul's, Breadfruit, àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ bínú jáde, wọ́n sì dá African Church sílẹ̀. Ẹni tó bá kúrò lábẹ́ Òyìnbó ti kúrò nídìí àpò Òyìnbó nìyẹn. Owó páànù, owó àlùfáà, owó ilé ìwé, àpò àwọn ọmọ ìjọ ni gbogbo rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ jáde. Ìkórè di ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tó gbà jáde. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló kàwé nínú yàrá tí irú owó bẹ́ẹ̀ kọ́. A kò gbọ́dọ̀ fi iṣu tiwa bú u.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé òòlù Òyìnbó bá ìlù Yorùbá pàdé. Òòlù ń sọ pé, "Ta ló tún lé e?" Ìlù ń sọ pé, "Ọmọ ta ni ọ́?" Ìbéèrè àkọ́kọ́ kan owó. Ìkejì kan orúkọ. Nígbà tí a bá bi ènìyàn ní méjèèjì pọ̀ níwájú àwùjọ, ó ṣòro kó jókòó.

Nígbà tí owó epo dé

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1973 ni náírà bẹ̀rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, owó epo rọ̀bì ti fò sókè lágbàáyé. Ìgbìmọ̀ Udoji dábàá àfikún owó oṣù ní 1974, àwọn òṣìṣẹ́ sì gba àjẹẹ́lẹ̀ rẹ̀ ní 1975. Láàárín owó tuntun yìí ni ètò ìfilọ́lẹ̀ ti gbilẹ̀: ìfilọ́lẹ̀ ìwé, ìfilọ́lẹ̀ gbọ̀ngàn ìlú, ìfilọ́lẹ̀ àwo orin. Alága á jókòó, olùfilọ́lẹ̀ àgbà á dìde, á dárúkọ ara rẹ̀, á sì dárúkọ iye. Àwọn kan ná owó tí wọ́n ṣiṣẹ́ fún. Àwọn kan dìde pẹ̀lú owó ọ́fíìsì, ìyẹn owó èmi àti ìwọ, a sì pàtẹ́wọ́ fún wọn. Nígbà tí owó epo wá já wálẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, tí ètò SAP sì dé ní 1986, náírà tí a ń pè lórí pẹpẹ kò ní agbára mọ́, ṣùgbọ́n a kò dẹ́kun pípè é.

Lọ́nà kan, epo náà ló jẹ́ kí àwọn onímọ̀ fún irú àbámọ̀ yìí lórúkọ. Ní ọdún 1971, àwọn ẹlẹ́ńjìnníà mẹ́ta, Capen, Clapp àti Campbell, kọ̀wé lórí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń du ilẹ̀ epo ní Gulf of Mexico. Wọ́n ṣàkíyèsí pé kò sẹ́ni tó mọ iye epo tó wà nísàlẹ̀, kálukú ń fojú díwọ̀n ni. Ẹni tí ìdíwọ̀n tirẹ̀ bá ga jù, tó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló ṣìrò jù, òun ni yóò borí. Winner's curse ni àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ń pè é lónìí, ègún tó ń bá ẹni tó borí jà. Nígbà tí a kà á, a fẹ́ fi ṣe àwáwí. Kò bá wa mu. Epo wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, iṣu wa wà lókè lójú gbogbo ayé. A mọ iye rẹ̀ lọ́jà. Ìṣirò wa kò yẹ̀. Ìlù ló wọ̀ wá létí.

Ohun tí a kábàámọ̀ gan-an

A ti wá mọ ohun tí a kábàámọ̀. Kì í ṣe owó tó lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà, akẹgbẹ́ wa sì ti ń fi ọ̀pá rìn wá sí kíláàsì. Bí a bá jókòó tí gbogbo wa fohùn ṣọ̀kan láti fún un ní ₦70,000, inú wa ì bá dùn títí di òní. Àbámọ̀ wa ni pé a kò fún un. Àwọn ará ẹ̀ka Ìtàn la ń fi owó náà bá jà, òun kàn jàǹfààní nínú ìjà náà ni. Àbámọ̀ wa kejì, tó tóbi ju àkọ́kọ́ lọ, ni pé ẹnu kan ló pe owó tí ọwọ́ méje dá jọ. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àgbà ìjọ tó pe owó ńlá ní ìkórè lè lọ ta kòkó sí i. Ìyá tó ń ta fùfú kò ní kòkó.

A kó ara wa jọ ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó nawọ́ sókè ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó bẹ ẹnìkejì wa tí owó rẹ̀ ń dùn ún, kò sì fi àwàdà bò ó. Lẹ́yìn náà la pín iṣẹ́. Àwọn méjì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní lẹ́sìnnì lọ́sàn-án Sátidé, àwọn mẹ́ta ń bá ènìyàn tẹ iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, àwọn méjì tó kù ń túmọ̀ ìkéde sí Yorùbá fún ẹni tó bá fẹ́. Owó tó kọ́kọ́ wọlé, ₦10,500, la fi dá ti ọmọ oní-fùfú padà. Ó kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà á. Tiwa kò tíì pé. Bóyá bébà rírọ̀ la ó fi ṣe èèpo àpilẹ̀kọ tiwa.

A sì fi òfin kan kún ìwé àpò wa, òfin tí Olóyè Olúwa ti gbà bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù fún wa láti ọdún 1921, tí a kò kà síra wa lára: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dárúkọ owó àpò níta láìjẹ́ pé ẹni méje ti fọwọ́ sí i. Ẹni tí gángan bá wọ̀ létí, kó nawọ́ sínú àpò ara rẹ̀. Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Sàpọ́n.

Oṣù tó ń bọ̀ ni ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà wa. Wọ́n ti fún wa níwèé ìpè. A ó lọ, a ó sì ra nǹkan. A ti jọ sọ iye rẹ̀: ₦2,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, nínú àpòòwé tí a kò kọ orúkọ sí.